Honda CG125 bàbá mi: ṣé kí n yọ fílítà, kí n la sáléńsà, àbí kí n pààrọ̀ bíréèkì iwájú?

Ọmọ Tíṣà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ máṣíìnì kan ni mo gbé wá. Honda CG125 ni, bàbá mi ló rà á nígbà tí wọ́n ń kọ́ni nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n-Alààyè. Orí táǹkì rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé mi jókòó sí bí a bá ń lọ síléèwé láàárọ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n gbé e sẹ́yìn ilé, wọ́n fi tapólì bò ó. Ọdún tó kọjá ni wọ́n pè mí, wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní, "Má jẹ̀ẹ́ kó kú."

Kò kú. Mo pààrọ̀ ọ́ìlì, mo fọ kábúrétọ̀ (ibi tí afẹ́fẹ́ àti epo ti ń pò pọ̀), mo ra táyà méjì àti bátìrì. Ní báyìí, kíìkì kẹta ló ń jí. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé ìyàwó mi sẹ́yìn, tí a ń ti Ìwàràjà gun òkè bọ̀ nílé, jíà kejì ni a ń bá débẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa ké bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Bí a bá sì ń sọ̀kalẹ̀, bíréèkì iwájú kì í mú. Màá fà á títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọwọ́, síbẹ̀ yóò ṣì máa yọ̀ lọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Adó ní kí n yọ àpótí fílítà (asẹ́ tó ń gba eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́) dànù, kí n fi fílítà roboto kékeré kan bọ ẹnu kábúrétọ̀. Ó ní kí n gé ìfun inú sáléńsà (ibi tí èéfín ń gbà jáde) kúrò kí ẹ́ńjìnnì lè mí. Ó ní kí n wá iwájú CG ti Ṣáínà tó ní bíréèkì díísìkì, kí n gbé e wọ̀ ọ́ lódindi. Owó mi kò lè ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Èwo ló yẹ kó ṣáájú? Ẹ jọ̀ọ́, máṣíìnì bàbá mi ni, mi ò fẹ́ bà á jẹ́.

Awo Ẹ́ńjìnnì, Iléṣà

Àbúrò, bíréèkì ni. Ohun tí yóò dá a dúró ni kí o kọ́kọ́ tún ṣe, kí o tó ro ohun tí yóò mú un sáré. Mo mọ òkè tí ò ń sọ yẹn. Mo ti já lulẹ̀ níbẹ̀ rí nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, àpá rẹ̀ ṣì wà lórúnkún mi.

Ṣùgbọ́n má tíì lọ ra díísìkì. Bíréèkì inú họ́ọ̀bù (irin àárín táyà) tó wà lára CG kò burú bí ènìyàn ṣe ń pè é. A kì í bójú tó o ni. Yọ táyà iwájú, kí o sì wo ṣúù rẹ̀, ohun tó ń tẹ inú họ́ọ̀bù láti mú táyà dúró. Má fẹnu fẹ́ eruku inú rẹ̀ o! Ṣúù àtijọ́ máa ń ní asbestos nínú, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Aṣọ tútù ni kí o fi nù ún. Bí ṣúù yẹn bá ń dán bí awo, ìdí nìyẹn tó fi ń yọ̀. Má fi sán-pépà ha á, nítorí eruku yẹn náà; pààrọ̀ rẹ̀ ni. Bí ara rẹ̀ kò bá nípọn ju 2 mm lọ mọ́, sọ ọ́ nù, ra tuntun.

Lẹ́yìn náà, wo káàmù, irin pẹlẹbẹ tó ń ya ṣúù méjèèjì sọ́tọ̀ bí o bá fa bíréèkì. Máṣíìnì tó ti jókòó fún ọdún púpọ̀, káàmù rẹ̀ á ti gbẹ. Fọ̀ ọ́, fi gíríìsì tín-ín-rín kùn ún, kí gíríìsì má kan ṣúù rárá. Wáyà náà, má dán an wò, ra tuntun. Èyí tó ti pẹ́ máa ń nà, ìdajì agbára ọwọ́ rẹ yóò sì ṣòfò sínú rẹ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí o fetí sí gidi. Bí o bá fa bíréèkì, apá irin tó wà lára họ́ọ̀bù àti wáyà gbọ́dọ̀ pàdé ara wọn bí igun ìwé. Ibẹ̀ ni agbára wà. Bí apá yẹn bá ti kọjá ibẹ̀, ṣúù ti tán nìyẹn. Àwọn kan máa ń yọ apá yẹn, wọ́n á yí i padà ní eyín kan, kí bíréèkì lè tún máa mú. Má gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe é fún ọ. Ṣúù tó ti tán ni wọ́n fi ń pa mọ́, ọjọ́ tí káàmù bá yí kọjá, táyà yóò dì pa lójijì, ìwọ àti ìyàwó rẹ lórí òkè.

Bí o bá dá táyà padà, má tíì fún nọ́ọ̀tì áàsù (ọ̀pá irin tó gba àárín táyà kọjá). Jẹ́ kí ẹnì kan fa bíréèkì mọ́lẹ̀ dáadáa, kí o tó wá fún un. Ṣúù méjèèjì á jókòó sáàárín.

Ó wá kan fílítà. Ní 2003, nígbà ọyẹ́, oníbàárà kan ní kí n yọ fílítà òun kí máṣíìnì lè lágbára. Mo mọ̀ pé kò dára, mo sì ṣe é nítorí owó. Kí ọdún Àjíǹde tó dé, máṣíìnì ń yọ èéfín búlúù. Nígbà tí mo tú u, eruku ọyẹ́ ti lọ ara búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì bí ẹni lọ ata, ríìngì inú rẹ̀ ti tán pátápátá. Mo fi owó ara mi ṣe é. Ó ṣì ń dùn mí. Yàtọ̀ sí eruku, bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù fún epo, ẹ́ńjìnnì á máa gbóná ju bó ṣe yẹ, àfi kí o pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì kábúrétọ̀ (ihò tí epo ń gbà wọlé), kí o sì gbé abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ sókè. Kò sí oyè tí ìwọ yóò jẹ nínú wàhálà yẹn lórí ẹ́ńjìnnì 124 cc.

Sáléńsà bákan náà. Ariwo á pọ̀, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni agbára á ti dín, ibi gan-an tí o nílò rẹ̀ láti fi gun òkè. Wò ó bóyá ó ti jẹrà, kí o sì pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì ẹnu rẹ̀, èyí tó ń dí ojú ìsopọ̀ kí èéfín má jò.

Yọ púlọ́ọ̀gì, èyí tó ń ṣáná sí epo, kí o sọ àwọ̀ rẹ̀ fún mi. Tún tápẹ́ẹ̀tì (àlàfo orí fáàfù, ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ àti èéfín) ṣe nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù: 0.08 mm fún fáàfù méjèèjì. Bí kò bá tún gun òkè lẹ́yìn èyí, ra sípókẹ́ẹ̀tì iwájú (irin eléyín tí ṣéènì ń yí lé) tí eyín rẹ̀ fi ẹyọ kan dín.

Ìyá Ìbejì, Leeds

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọ̀gá. CG125 ni èmi náà fi kọ́ máṣíìnì níbí, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ ọ ní Bìrìtéènì ló gùn ún. Mo fi fílítà roboto yẹn sí tèmi. Bí òjò bá ti rọ̀, á tutù, ẹ́ńjìnnì á máa wúkọ́. Mo dá àpótí rẹ̀ padà.

Ọmọ Tíṣà, bí ẹ bá padà wá fẹ́ díísìkì, ẹ wọn ìnípọn fọ́ọ̀kì (irin méjì tó di táyà iwájú mú) àti ti áàsù kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì wò ó bóyá ìdí wáyà mítà bára mu. Ẹ má ra èyí tí kò ní gbogbo ẹ̀yà rẹ̀. Ọ́ìlì bíréèkì rẹ̀ ń fa omi mọ́ra, ọdún méjì méjì ni ẹ óò máa pààrọ̀ rẹ̀.

Sáré Ń Bọ̀

Ó tó ọdún méjì tí mo ti la sáléńsà tèmi, kò ṣe nǹkan kan. Ẹ ń bẹ̀rù jù.

Awo Ẹ́ńjìnnì, Iléṣà

Sáré, ilẹ̀ pẹrẹsẹ lo ń gùn. Gbé ènìyàn kan sẹ́yìn, kí o wá gun òkè Ẹ̀fọ̀n pẹ̀lú rẹ̀.

Ọmọ Tíṣà

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣe é.

Púlọ́ọ̀gì dúdú bí ìdí ìkòkò. Nígbà tí mo ṣí àpótí fílítà, eku ló kọ́lé síbẹ̀! Fóòmù fílítà ti di ìtẹ́, èèpo àgbàdo àti òwú tapólì ló dí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Ó dà bíi pé òótọ́ ni ọ̀rẹ́ mi sọ pé ẹ́ńjìnnì kò rí èémí mí. Mo ra fílítà tuntun, mo fọ àpótí náà, mo dá a padà.

Ṣúù ń dán bí ẹ ṣe wí, ó sì kù díẹ̀ kó tó 2 mm, mo ra tuntun. Irun mẹ́ta ti já nínú wáyà bíréèkì níbi tó ti wọ ọwọ́ bíréèkì. Mi ò tiẹ̀ mọ̀. Bàbá mi ló bá mi fa bíréèkì mọ́lẹ̀ nígbà tí mo ń fún áàsù. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe é.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo gbé wọn sẹ́yìn, a lọ sí Ìwàràjà. Jíà kẹta ni a fi gun èyí tó pọ̀ jù nínú òkè náà ní àbọ̀, ibi tó ga jù nìkan ni mo ti wá sí kejì. Nígbà tí a ń sọ̀kalẹ̀ lọ, wọ́n fọwọ́ kàn mí léjìká, wọ́n ní kí n fa ti iwájú káwọn wò ó. Mo fà á. Wọ́n ní, "Ó gbọ́."

Ó ku gásíkẹ́ẹ̀tì sáléńsà. Ọ̀gá Awo, èyí tí mo rí rà tóbi díẹ̀ ju ojú ihò lọ. Ṣé kí n gé e, àbí ẹ ní èyí tó bá a mu ní Iléṣà, kí n wá gbà á lọ́jọ́ Sátidé?