Kíkọ́ ọmọ iléèwé ní ìwọ̀n ṣúgà: ẹ mú ohun tó ń ṣiṣẹ́ ní kíláàsì yín wá

Olùkọ́ Basic Science, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tíṣà Ifẹ̀ àti Iléṣà. Lórí ọ̀rọ̀ ṣúgà yìí, ìwàásù kì í wọ àwọn ọmọ létí. Ohun tí ojú wọn bá rí ni wọ́n ń gbà gbọ́.

Ẹ ní kí wọ́n kó òfìfo ìgò mínírà àti páálí bisikíìtì wá láti ilé, kí wọ́n wá ibi tí wọ́n kọ "sugars" sí lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ gíráàmù 10 nínú 100 ml, tí ìgò náà sì gba 50 cl (ìyẹn 500 ml), ìlọ́po 5 ni: gíráàmù 50. Ṣíbí tíì kan tí a fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ dọ́gba tó bíi gíráàmù 4, ìyẹn ni pé ṣíbí 12 àbọ̀ wà nínú ìgò kan. Kí ọmọ kan máa bù ú sínú gíláàsì, kí àwọn yòókù máa kà á sókè. Ẹ ó rí i pé ohùn wọn á máa rọlẹ̀ bí gíláàsì ṣe ń kún.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni ṣíbí olókìtì, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ṣíbí méjì. Ẹ tún wo ìlà tó sọ iye tó jẹ́ ìwọ̀n ẹnì kan. Àwọn ìgò kan wà tó jẹ́ pé ìdajì wọn péré ni wọ́n ṣírò síbẹ̀.

Ní 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí irú ṣúgà tí a ń dà sí oúnjẹ àti mínírà yìí má tó ìdá 10 nínú 100 agbára tí oúnjẹ òòjọ́ ń fún wa, pé bó bá lè wálẹ̀ sábẹ́ ìdá 5, ó tún sàn jù. Fún àgbàlagbà tó ń jẹ 2,000 kalori, ìdá 5 yẹn jẹ́ gíráàmù 25, ṣíbí 6. Ti ọmọdé kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé gíláàsì ṣíbí 6 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti mínírà, kí ẹ dákẹ́, kí wọ́n wò ó. Wọn á bi yín nípa oyin. Oyin wà nínú ìṣírò náà, omi èso tí a fún wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọsàn tí ọmọ fẹnu ara rẹ̀ jẹ kò sí níbẹ̀.

Ìyá Alásè, Iléṣà

Tíṣà, ẹ kú làákàyè. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìkòkò kún un. Zobo ló dára jù, nítorí kò sí ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n. Kíkan rẹ̀ ló ń jẹ́ kí wọ́n máa da ṣúgà sí i, ewé àpọ̀jù ló sì ń fa kíkan. Gíráàmù 50 ewé gbígbẹ tó fún lítà 2 omi. Ẹ ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì kíákíá kí iyanrìn lọ. Ẹ fi atalẹ̀ tó tó àtàǹpàkò tí ẹ ti gún sí i, àti kànáfùrù 6, àti èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí ẹ fọ̀ dáadáa. Kó hó fún ìṣẹ́jú 15. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lórí iná, á máa fún ẹnu pọ̀. Ẹ má lo ìkòkò álúmíní, kíkan zobo a máa jẹ ẹ́. Bó bá tutù, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ gé ọ̀pẹ̀ òyìnbó wẹ́wẹ́ sí i. Ẹ má lọ̀ ọ́ o, lílọ̀ ló ń sọ ọ́ di ṣúgà tí Tíṣà ń kà yẹn.

Ẹ pín in sí jọ́ọ̀gì mẹ́ta: ọ̀kan láìní ṣúgà, ọ̀kan pẹ̀lú ṣíbí 4 sí lítà kan, ọ̀kan pẹ̀lú 8. Èyí tí kò ní ṣúgà ni kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́ wò. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ láti orí aládùn, wọn ò ní lè gbé èyí tó kù mì. Kí wọ́n fi omi ṣan ẹnu láàárín.

Nígbà tí agbáyun bá so, ẹ wá èyí tó pọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí igi. Kí ọmọ bó èèpo rẹ̀, kó fi ahọ́n yí i lẹ́nu fún ìṣẹ́jú 2 sí 3, kó tu kóró rẹ̀ dànù, kó wá mu zobo tí kò ní ṣúgà. Á dùn mọ́ ọn lẹ́nu! Ẹ má sè é, iná ń ba èròjà tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn jẹ́. Irú ohun aládùn mìíràn tún wà nítòsí: èso pupa tó ń so nídìí ewé eéran tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Omi yíyọ̀ tó bo kóró rẹ̀ dùn ju ṣúgà lọ lọ́pọ̀lọpọ̀.

Nọ́ọ̀sì iléèwé, Ilé-Ifẹ̀

Àfikún mi: agbáyun ń mú kí ahọ́n rò pé nǹkan dùn, kò mú kíkan kúrò. Ọsàn wẹ́wẹ́ ṣì ń jẹ eyín. Kí wọ́n fi omi ṣan ẹnu, kí wọ́n má sì fọ eyín lójú ẹsẹ̀. Súìtì tí wọ́n kọ "sugar-free" sí lára sábà máa ń ní sorbitol tàbí maltitol, àwọn èròjà aládùn tí wọ́n fi ń rọ́pò ṣúgà, èyí tó ń ṣí inú bí ọmọ bá jẹ púpọ̀.

Ẹ má sọ fún kíláàsì pé ṣúgà jíjẹ ló fa ìtọ̀ ṣúgà ọmọ tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin. Irú ti ọ̀pọ̀ ọmọdé kò ti ibẹ̀ wá, ẹ ó kàn fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń gbọ̀n, tó ń làágùn, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń dàrú, ṣúgà ara rẹ̀ ti lọlẹ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ́ ọmọ sẹ́kọ́ńdírì, ẹ po gíráàmù 15, nǹkan bíi ṣíbí tíì 4, mọ́ omi díẹ̀ fún un, kí ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Mínírà tí kò ní ṣúgà kò wúlò nígbà yẹn. Bó bá ti dákú, ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu, ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ.