Ilé àyágbé tó gba ajá àti ológbò: báwo ni ká ṣe kọ àdéhùn rẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ń wá ilé àyágbé láàárín ìlú ńlá. Ajá kan tó wọn kílò 24 àti ológbò kan ló wà lọ́wọ́ mi.

Mo mọ̀ pé ìpolówó tó ní "a gba ẹran ọ̀sìn" lè tan èèyàn. Ilé mìíràn ní ìwọ̀n tí ajá kò gbọ́dọ̀ kọjá, òmíràn kì í gba irú ajá kan, òmíràn kò gbà ju ẹyọ kan lọ. Ìyẹn ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ bèèrè, kó tó san kọ́bọ̀. Ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi àwọn méjèèjì ti wà nílẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà onílé àtijọ́ pé wọn kò ba nǹkan jẹ́.

Àdéhùn ẹnu ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bí onílé bá ta ilé, kí ni màá fi han ẹni tó rà á?

Ẹ jọ̀ọ́, owó ìdúró tí onílé máa dá padà bí ẹran kò bá ba nǹkan jẹ́, àti àfikún owó oṣooṣù nítorí ẹran tí wọn kì í dá padà, èwo ló sàn fún ẹni tó fẹ́ gbé ibẹ̀ fún ọdún 2? Báwo lẹ ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé pé ohun tó gbó fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìbàjẹ́? Ilẹ̀ onípákó ni mo ń rò: èékánná ajá a máa ha á. Ṣùgbọ́n bí ìtọ̀ bá wọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, òórùn rẹ̀ kì í tètè lọ. Èwo lẹ máa mú?