Ọmọ mi ń sá fún ẹ̀rọ dókítà eyín: ṣé kí n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń lo léésà?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Kẹ́hìndé mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, kòkòrò ti jẹ eyín rẹ̀ kan lẹ́yìn, lápá ọ̀tún nísàlẹ̀. Ihò náà ò ju orí ìṣáná lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a lọ sí ilé ìwòsàn kan níbí ní Ìbàdàn. Dókítà kàn tan ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ eyín ni, ló bá ń ké ṣíì. Ọmọ pa ẹnu dé, ó bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ó di ọwọ́ ìlẹ̀kùn mú. Táyé tí eyín ò dùn rárá, òun náà bú sẹ́kún níta! Ẹnìkan wá sọ fún mi pé ibì kan wà ní Èkó tí wọ́n ń fi léésà ṣe é, kò ní abẹ́rẹ́, kò ní ariwo. Iye tí wọ́n pè jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti ibí. Ṣé òótọ́ ni, àbí wọ́n fẹ́ fi iná tọ́ọ̀ṣì gba owó lọ́wọ́ mi?

Bàbá Mọ́kọ́lá: Orín ata ni kẹ́ ẹ wá fún un. Láyé tiwa, ta ló mọ léésà?

Nọ́ọ̀sì Eyín: Ẹ kú àgbà, Bàbá. Orín ata dára fún fífọ ẹnu, ṣùgbọ́n kì í dí ihò.

Ìyá Ìbejì, òótọ́ ni, kì í ṣe jìbìtì. Láti 1997 ni FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èyí tí wọ́n ń pè ní Er:YAG gbẹ́ eyín. Omi ló ń bá jà. Bí eyín ṣe le tó yẹn, omi wà nínú rẹ̀, ibi tó ti jẹrà ló sì ní omi jù. Tí ìtànṣán náà bá kàn án, omi á hó lójijì, á bẹ́, á gbé èérún eyín dànù. Irin kankan ò fara kan eyín, ìyẹn ni kì í fi í gbọ̀n rìrì dé àgbọ̀n. Wọ́n á máa fọ́n omi sí i kó má gbóná, gbogbo ẹni tó wà ní yàrá, títí kan ọmọ, ló sì gbọ́dọ̀ wọ awò ojú.

Ẹ bi wọ́n pé irú léésà wo ni wọ́n ní. Tó bá jẹ́ dáyóòdù, ẹran ìdí eyín nìyẹn wà fún, kò lè gbẹ́ eyín. Òun ló rọjú láti rà, ẹ kíyè sára. Ní ti pé kò ní gba abẹ́rẹ́, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà. Tí ihò bá jìn, abẹ́rẹ́ á wọlé.

Ẹ̀gbọ́n Lọ́ndọ̀n: Wọ́n ti ṣe é fún mi rí níbí, owó àpò mi ni, NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, kọ́ ló san án. Wọn ò gún mi lábẹ́rẹ́, kò sì dùn mí ju ìgbà tí omi tútù bá kan eyín lọ. Ṣùgbọ́n kò ní ariwo kẹ̀? Ó ń dún pá-pá-pá bí gúgúrú tó ń bẹ́ nínú ìkòkò, ó ń rùn bí irun tó jóná. Ó tún pẹ́ ju ti ẹ̀rọ lọ. Nígbà tí mo rò pé ó parí, dókítà mú ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn, ó fi dán etí ihò náà. Mo ní, "Dókítà, a ò jọ sọ tèyí!" Ó bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun gan-an. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, àkọ́hù ṣá ni, ṣé kí n kúkú fi sílẹ̀ kó yọ fúnra rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Eyín: Ẹ dúró ná! Ẹ ní kó la ẹnu, kẹ́ ẹ ka eyín láti àárín iwájú lọ sẹ́yìn. Àkọ́hù kì í ju márùn-ún lọ lápá kan. Ìkẹfà máa ń hù ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́fà, òun ló máa fi jẹun dọjọ́ alẹ́.

Ìyá Ìbejì: Mo ti fi tọ́ọ̀ṣì fóònù kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìkẹfà ni.

Nọ́ọ̀sì Eyín: Ẹ má fi falẹ̀ nígbà náà. Kẹ́ ẹ tó gbéra lọ sí Èkó, ẹ bi dókítà tó wà nítòsí yín bóyá ó ń fi irin ọwọ́ ṣe é. Irin kékeré bíi ṣíbí ni, wọ́n á fi ha ibi tó rà kúrò, wọ́n á fi símẹ́ńtì eyín dí i. Kò gba iná mànàmáná, kì í ké. Tanzania ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1980, níbi tí kò sí iná. Fún ihò tí kò jìn, èmi ò ní fi léésà olówó gọbọi ṣáájú ìyẹn.

Bàbá Mọ́kọ́lá: Èmi náà fara mọ́ ti ṣíbí.

Ìyá Ìbejì: Mo ti bá Kẹ́hìndé sọ ọ́. Ó ní òun gbà, àmọ́ kí Táyé kọ́kọ́ lọ jókòó lórí àga yẹn kó bá òun wò ó. Táyé ti ń wá bàtà rẹ̀ báyìí, ó ní òun ò lọ síbì kankan.