Ọmọkùnrin tó fẹ́ ra M3 mi kò béèrè nǹkan kan

Bàbá Rìsì, Ìkòròdú:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. BMW M3 ni mo fẹ́ tà, ìran tí wọ́n ń pè ní E46, ti ọdún 2003. Ó ti pé ọdún 7 tí mo ti ń wà á. Lọ́dún tó kọjá, hóòsì omi bẹ́ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Mile 12. Mo rí i pé ooru ẹ́ńjìnnì ti wọ pupa, mo ní kí n ṣáà dé Ògòlóńtò. Ẹ̀bi mi ni. Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì jóná, wọ́n gbé orí ẹ́ńjìnnì lọ fá kó tẹ́jú. Látìgbà náà, kò yọ mí lẹ́nu.

Lánàá, ọmọkùnrin kan wá láti Ìgbógbó. Kò wo abẹ́ ọkọ̀ rárá. Àwọn iná wẹ́wẹ́ tó yí gééjì RPM (tó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí) ká, tó máa ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọ́ìlì ṣe ń gbóná, ṣì ń tàn, ó ti tẹ tọ́rótù mọ́lẹ̀. Ojú ẹ̀ ń dán bí ojú ọmọ tó rí aṣọ ọdún. Sátidé ló fẹ́ kówó wá. Ṣé kí n sọ fún un?

Ọmọ Sábó:
Ọkọ̀ tó ti lé lógún ọdún! Ẹni tó bá ra ọkọ̀ eré tó ti gbó, kó mọ̀ pé ìnáwó lòun rà. Ẹ má parọ́ tó bá béèrè. Tí kò bá béèrè, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ nìyẹn.

Mẹkáníìkì Odogunyan:
Bọ̀ọ̀dá, kó mú mẹkáníìkì tiẹ̀ wá, èyí tí kò mọ̀ yín rí. Kí wọ́n jáàkì ọkọ̀ sókè, kí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí ibi tí wọ́n ti de irin ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mọ́ ara ọkọ̀. E46 máa ń sán níbẹ̀. Kó bi yín ní ọ́ìlì tí ẹ ń lò, 10W-60 ni ti M3. Ìyẹn lojúṣe tiẹ̀. Àmọ́ orí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti fá, tí wọ́n sì dè padà, ta ló fẹ́ fojú rí i láìtú u? Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n.

Bàbá Rìsì:
Ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ yìí ló gún mi lọ́kàn. Mo ti pè é láàárọ̀ yìí, mo sì fi fọ́tò gásíkẹ́ẹ̀tì tó jóná àti rìsíìtì ibi tí wọ́n ti fá a ránṣẹ́. Ó dákẹ́ títí. Ó wá ní kí n yọ ₦500,000 kúrò, òun á mú mẹkáníìkì dání. Mo yọ ọ́. Mo ní kó má tẹ tọ́rótù mọ́lẹ̀ mọ́ tí àwọn iná yẹn ò bá tíì kú tán. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni wọ́n.”