Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Bàbá ò yí àwọ̀, dókítà ò kọ oògùn apakòkòrò (antibiotic). Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ kú ìjókòó o. Ó ti pẹ́ tí COPD, àrùn ẹ̀dọ̀fóró ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó ń mú kí mímí nira, ti ń bá bàbá mi fínra. Ọ̀fìnkìn mú wọn, ni èémí bá ń ge wọn, ikọ́ ò sì jẹ́ kí wọ́n sùn. Àmọ́ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn ṣì funfun. Dókítà gún wọn lórí ìka, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ó fún wọn ní prednisolone (oògùn tó ń mú kí ọ̀nà èémí tó wú rọlẹ̀) ọjọ́ 5, ó parí. Kò kọ oògùn apakòkòrò! Bẹ́ẹ̀ àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ṣe nígbà kan ní bakitéríà kan, Haemophilus influenzae, wà níbẹ̀. Wọ́n rí kòkòrò, wọ́n wá ń wò ó?

Nọ́ọ̀sì Àyà: Ẹ fara balẹ̀, Àbẹ̀kẹ́. Kòkòrò yẹn lè ti máa gbé inú ẹ̀dọ̀fóró Bàbá tipẹ́ láìdá wàhálà sílẹ̀. Olùwádìí kan, Sethi, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àwọn aláìsàn COPD lóṣooṣù, wọn ò sì wo orúkọ kòkòrò nìkan, wọ́n wo ẹ̀yà rẹ̀ pẹ̀lú. Èsì jáde ní 2002: nínú àbẹ̀wò tí wọ́n ti bá ẹ̀yà tuntun, àìsàn gbérasọ nínú nǹkan bí 33 nínú 100, níbi tí wọn ò ti bá ẹ̀yà tuntun, nǹkan bí 15 péré. Àlejò ló ń dàlú rú, kì í ṣe onílé.

Ọ̀fìnkìn nìkan sì tó o. Ní London, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi rhinovirus (fáírọ́ọ̀sì tó ń fa ọ̀fìnkìn) sí imú àwọn olójòjò COPD tó yọ̀ǹda ara wọn (ọkàn wọn mà le o), àìsàn wọn gbérasọ. Oògùn apakòkòrò ò lè pa fáírọ́ọ̀sì.

Bàbá Oníkọ́: Nọ́ọ̀sì, ẹ má bà á jẹ́ tán. Èmi náà ní àrùn yìí. Ìwádìí Anthonisen ti 1987 ńkọ́? 68 nínú 100 ló yanjú pẹ̀lú oògùn apakòkòrò, 55 láìlò ó.

Nọ́ọ̀sì Àyà: Òótọ́ ni, sà. Ṣùgbọ́n àwọn tí èémí ń ge, tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ pọ̀ sí i, tó tún dà bí ọyún, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀, làǹfààní náà pọ̀ fún jù. Ẹ̀jẹ̀ orí ìka yẹn, ó jọ pé CRP ni dókítà fi wò, èròjà tó máa ń ga nínú ẹ̀jẹ̀ tí àkóràn bakitéríà bá wà; tó bá kéré, oògùn apakòkòrò kì í sábà wúlò. Wọ́n dán an wò ní Britain, èsì jáde ní 2019: àwọn tó lo oògùn apakòkòrò dín kù láti 77 sí 57 nínú 100, ìlera wọn ò sì tìtorí ẹ̀ burú sí i.

Àbẹ̀kẹ́: Tó bá wá yí àwọ̀ lẹ́yìn ọ̀la ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Àyà: Ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Nínú ìwádìí London yẹn, bakitéríà dé tẹ̀lé fáírọ́ọ̀sì lára ọ̀pọ̀ wọn. Tí ètè bá ń dúdú, tí oorun òjijì ń kùn wọ́n, tàbí wọn ò lè sọ gbólóhùn kan parí, ilé ìwòsàn ni tààrà.

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti ní kí wọ́n máa tutọ́ sínú tíṣù funfun kí n lè máa wò ó. Wọ́n ní mo ti di ọlọ́pàá kẹ̀lẹ̀bẹ̀.