Wọ́n gba báàtì lọ́wọ́ mi ní Mùṣín, ojú mi bá là

Ará Mùṣín:

Ẹ̀yin ará tẹ́ ẹ̀ ń kọ Yorùbá sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ n sọ bí tẹ́nìsì ṣe kọ́ mi ní ìwé kíkọ. Tábìlì tẹ́nìsì kan wà lẹ́yìn ilé wa ní Mùṣín. Pákó ni, orí búlọ́ọ̀kù ló jókòó sí, pákó tínrín kan ni wọ́n sì fi ṣe nẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá pàdánù á gbé báàtì sílẹ̀, á lọ tò sẹ́yìn. Tí èrò bá pọ̀ nírọ̀lẹ́ Sátidé, o lè dúró fún wákàtí kan kó o tó gbá fún ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Tèmi kì í tilẹ̀ẹ́ pé mẹ́ta. Agbára ni mo fi ń gbá a. Bọ́ọ̀lù tí fífẹ̀ rẹ̀ ò ju mílímítà 40 lọ, èmi á fọ́ ọ bí ẹni ń pa ejò, ó di inú gọ́tà. Bàbá kan wà níbẹ̀, awakọ̀ mólúè àtijọ́, kì í làágùn rárá. Ó kàn ń dá bọ́ọ̀lù padà ni, jẹ́jẹ́, títí ìwọ fúnra rẹ á fi ṣì í gbá. Lọ́jọ́ tó nà mí ní 11 sí 2, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ò bá ẹnikẹ́ni gbá bọ́ọ̀lù. Ìwọ nìkan lò ń gbá a." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo fìbínú lọ sílé.

Ìgbà yẹn gan-an ni mo ní búlọ́ọ̀gù kan tí mo fi ń kọ Yorùbá. Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín: àròkọ gbọọrọ lórí "ìdàgbàsókè àwùjọ", òwe mẹ́fà nínú ìpínrọ̀ kan. Oṣù méje gbáko, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn, àfi àbúrò mi obìnrin tó ń kọ "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́" torí èmi ni mò ń ra dátà fún un. Òru ọjọ́ yẹn lọ̀rọ̀ bàbá yé mi. Ibo lẹni tó ń kà á fẹ́ gbà dá a padà?

Mo bá kọ ìpínrọ̀ mẹ́ta péré, nípa bí kọ́ńdọ́ ṣe so èmi àti ìyá ẹlẹ́ja kan pọ̀ ní Ojúẹlẹ́gbà. Ó fi náírà 1,000 kan ṣoṣo lé mi lọ́wọ́, ó ní ká lọ pín in. Ìyá ò jẹ́ kí n rìn jìnnà sóun, ó di etí ṣẹ́ẹ̀tì mi mú. Mo wá béèrè pé ta ni wọ́n ti so ẹ̀yin náà pọ̀ mọ́ rí. Kílẹ̀ tó mọ́, èèyàn mọ́kàndínlógún ti sọ tiwọn. Obìnrin kan ní ẹni tí kọ́ńdọ́ so òun pọ̀ mọ́ l'Óṣòdì lòun fẹ́ sílé.

Bàbá ṣì ń nà mí o. 11 sí 7 ni báyìí.

Ará Lẹ́kí:

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín dùn, àmọ́ n ò gbà á tán. Eré sísá lèmi ń ṣe, lórí afárá Lẹ́kí sí Ìkòyí, kílómítà kan ó lé díẹ̀ ní àlọ nìkan. Ní aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀, ta ló ń wò mí? Àwọn apẹja inú ọ̀sà. Tó bá jẹ́ pé mò ń retí àtẹ́wọ́ ni, mi ò ní kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo Ọjọ́rú ni mò ń kọ, wọ́n dáhùn, wọn ò dáhùn.

Ará Ìsàlẹ̀ Èkó:

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí mò ń gbá tẹ́nìsì ní Rowe Park ní Yábàá, 21 la máa ń gbá a dé. Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ ò tíì yá lè pàdánù mẹ́fà, kó ṣì jí. Lọ́dún 2001 ni wọ́n sọ ọ́ di 11, sáàfù márùn-ún tẹ́nì kan máa ń gbá tẹ̀ léra kó tó kan ẹnì kejì wá di méjì. Kó o tó nara tán, wọ́n ti nà ọ́! Ohun tọ́mọ mi sọ nípa ìwé tèmi náà nìyẹn: "Dádì, ẹ kí wọn kú àárọ̀, ẹ kí wọn kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ béèrè ará ilé. Ẹni tó ń kà á ti lọ." Mo gbọ́. Mo ti yọ "ará ilé ńkọ́" kúrò. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta yẹn ò níbi tó ń lọ.