Ẹgba lára ẹṣin eré ní Kánádà: wọ́n dá àbúrò mi dúró, kí ni kó ṣe?

Màmá Fèyí, Kubwa

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará wa nílé àti lẹ́yìn odi. Ẹni tó bá mọ̀ nípa eré ẹṣin oníkẹ̀kẹ́ ní Kánádà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn. Àbúrò mi ọkùnrin tí a jọ dàgbà ní Kàdúná, tó ti ń tọ́jú ẹṣin pólò láti kékeré, ló lọ sí Ontario. Ó ṣiṣẹ́ nílé ẹṣin títí wọ́n fi fún un ní láísẹ́ǹsì dírẹ́bà, ìyẹn ẹni tó ń wa ẹṣin eré. Lọ́sẹ̀ tó kọjá àwọn adájọ́ eré pè é, wọ́n ní bó ṣe lo ẹgba kò tọ̀nà. Wọ́n bu owó ìtanràn lé e, wọ́n sì ní kó jókòó fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹṣin náà kò fara pa o, ipò kejì ló tiẹ̀ gbé.

Ìyá wa ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Wọ́n ti gbọ́ pé "wọ́n dá a dúró", wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Wọ́n rò pé ọlọ́pàá ti wọ̀ ọ́, pé wọ́n máa dá a padà sílé. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì sì ti bá wọn da iyọ̀ sí i, ó ní òyìnbó fẹ́ràn ẹranko ju ènìyàn lọ.

Bàbá Ìbejì, Milton, Ontario

Màmá Fèyí, ẹ kọ́kọ́ ní kí màmá ṣínu. Kò sí ọlọ́pàá nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn tó ń rí sí ìwé ìgbélùú ò sì gbọ́ sí i. Bí ìgbà tí VIO bá gba láísẹ́ǹsì yín ní Berger ni: ó dùn yín, ó ná yín lówó, ṣùgbọ́n ẹ ò di ọ̀daràn. AGCO ni àjọ tó ń bójú tó eré ẹṣin ní Ontario láti 2016. Ontario Racing Commission ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Àwọn adájọ́ máa ń wà ní pápá ní gbogbo ìgbà tí eré bá wà. Wọ́n ń fojú wò ó, wọ́n á tún dá fídíò padà sẹ́yìn, wọ́n á máa wò ó díẹ̀díẹ̀. Dírẹ́bà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣe ohun tí kò yẹ, wọ́n á pè é.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò rí i rí: ẹnikẹ́ni kì í gun ẹ̀yìn ẹṣin. Dírẹ́bà jókòó sórí kẹ̀kẹ́ fúyẹ́fúyẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ó na ẹsẹ̀ síwájú, ìdí ẹṣin ló kọjú sí. Okùn ìjánu méjì ló wá láti ẹnu ẹṣin dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹṣin náà kò gbọdọ̀ fò kútúpà kútúpà. Bó bá ti yí ẹsẹ̀ padà báyìí, dírẹ́bà gbọ́dọ̀ fà á sẹ́yìn títí ìrìn rẹ̀ yóò fi bọ̀ sípò, àwọn yòókù á sì ti lọ. Máìlì kan ni eré náà, ẹṣin tó bá dáńgájíá kì í lò tó ìṣẹ́jú méjì. Ọwọ́ tó mú okùn ìjánu náà ló tún mú ẹgba. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Láyé àtijọ́, bí wọ́n bá ti yọ sí ojú ìlà ìparí, dírẹ́bà á kó okùn méjèèjì sí ọwọ́ kan, á gbé ọwọ́ kejì sókè, ó di kí ó máa nà án. Láti 2009 ni Ontario ti fòfin de ìyẹn. Okùn kan gbọ́dọ̀ wà ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ eré títí dé ìparí. Ọrùn ọwọ́ àti ìgúnpá ló gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́; bí ọwọ́ bá ga ju èjìká lọ, wọ́n ti mú ọ. Ẹgba kò gbọdọ̀ bọ́ sísàlẹ̀ igi kẹ̀kẹ́ lọ bá ẹsẹ̀ ẹṣin. Ìwọ náà ò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ rẹ ta á láti ẹ̀yìn, àwọn kan rò pé ẹsẹ̀ kì í ṣe ẹgba. Ẹṣin tí agbára rẹ̀ ti tán, tí kò lè rí ipò kankan gbà mọ́, tí o ṣì ń nà, ìyẹn burú jù lójú wọn.

Ẹ ò rí i pé nínú gbogbo èyí, kò sẹ́ni tó béèrè bóyá ẹṣin fara pa tàbí ipò wo ló gbé? Ohun tí àbúrò yín ò tíì mọ̀ nìyẹn. Kó má lọ sọ níwájú adájọ́ pé "ara ẹṣin dá ṣáṣá." Apá rẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Alhaji Tudun Wada, Kàdúná

Kai! Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ọmọdé ò ní bínú sí àgbà: bẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ kí wọ́n na ẹṣin, ẹ gba ẹgba lọ́wọ́ wọn. Ẹ fi bùlálà lé ọmọ lọ́wọ́, ẹ wá ní ìgúnpá nìkan ni kó fi lò ó, wallahi, ìdẹkùn lẹ dẹ fún un. Àwọn ẹṣin tí mo mọ̀ ní Murtala Square, ohùn ni wọ́n ń gbọ́. Linzami, ìjánu yẹn, ló ń darí wọn. Bùlálà wà lọ́wọ́ fún ọjọ́ tí ẹṣin bá fẹ́ ya bàrá. Ọmọ tó bá ń nà án léraléra, àwọn àgbà ìso ẹṣin kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a jà, wọ́n á kàn gba ìjánu lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á ní kó lọ gbá ìgbẹ́.

Bàbá Ìbejì, Milton, Ontario

Alhaji, ẹ ṣeun sà. Àwọn kan níbí náà ń sọ ohun tí ẹ sọ. Èsì àwọn dírẹ́bà ni pé kẹ̀kẹ́ ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́, bí ẹṣin kan bá ya lójijì, táyà á wọ inú táyà, ènìyàn á fò sókè, ẹṣin tó ń bọ̀ lẹ́yìn á sì gorí rẹ̀. Èyí ò pa irọ́. Ṣùgbọ́n kí n má tàn yín, owó náà wà níbẹ̀. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ẹṣin bá jẹ ni dírẹ́bà sábà máa ń gbà. Bí imú ẹṣin rẹ bá ti ń kan imú ti ẹlòmíì, tí ìlà ìparí sì ti súnmọ́, apá á fẹ́ gòkè fúnra rẹ̀.

Dókítà Ẹran, Melbourne

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Alhaji, ohun tí ẹ dábàá yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀ ní Ọsirélíà. Ní December 2016, Harness Racing Australia, àjọ tó ń darí eré oníkẹ̀kẹ́ níbí, kéde pé láti 1 September 2017, kò ní sí ẹgba mọ́ rárá nínú eré oníkẹ̀kẹ́. Ariwo sọ. Àwọn dírẹ́bà ní ẹ̀mí àwọn ńkọ́. Nígbà tí ọjọ́ pé, ẹgba wà níbẹ̀ sibẹ̀, òfin bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ lò ó ló le sí i. Norway ti lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ ní tiwọn. Láti àwọn ọdún 1980 ni wọn kò ti gbà kí wọ́n máa fi ẹgba lé ẹṣin sáré.

Kí ẹni tó bá ń ti Kánádà bọ̀ níbí má rò pé òfin kan náà ni. Okùn méjì lọ́wọ́ méjì, ìyẹn jọra, èjìká ò sì gbọdọ̀ dá sí i. Ṣùgbọ́n kíkà ló ń pa ènìyàn níbí. Bó o bá lò ó ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ léra wọn, láìdúró díẹ̀ kí ó hàn sí ẹni tó ń wò pé o fún ẹṣin láyè láti dáhùn, o ti rú òfin. Mo ti rí dírẹ́bà tó ṣe é jẹ́jẹ́, tí ẹgba náà kàn ń bà lé ẹṣin bí ẹni lé eṣinṣin, wọ́n ṣì bu owó lé e, nítorí pé kò dúró.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un nítorí àwọn tó ń sọ pé awọ ẹṣin nípọn. Ní 2020, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Sydney gbé awọ ẹṣin àti awọ ènìyàn sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Wọn ò rí ìyàtọ̀ tó jọjú nínú bí iṣan tó ń gbé ìrora ṣe pọ̀ tó ní awọ òkè, bẹ́ẹ̀ ni awọ òkè náà ò nípọn ju tiwa lọ. Ó ń dùn ún, kí a má tan ara wa.

Lọ́yà Wuse

Ẹ̀yin ará, ọ̀nà méjì ló wà, ẹ má pò wọ́n pọ̀. Ẹni tó bá fìyà jẹ ẹranko nílé wa, òfin wà: ní Gúúsù, abala 495 nínú Criminal Code, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn ₦50, tàbí méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni, àádọ́ta náírà, kò tíì ra ìgò omi kan ní Abuja. Àwa tí a wà ní Àríwá, Penal Code là ń lò. Ti àbúrò Màmá Fèyí kì í ṣe irú ìyẹn. Ìbáwí lẹ́nu iṣẹ́ ni.

Bó bá gbà pé wọ́n ṣì í dá lẹ́jọ́, Horse Racing Appeal Panel ni yóò gbé e lọ ní Ontario. Ìgbìmọ̀ yẹn lè fọwọ́ sí ìdájọ́, wọ́n lè yí i padà, wọ́n lè fagi lé e. Ọjọ́ tí àyè náà máa kásẹ̀ wà nínú lẹ́tà tí wọ́n fún un, kò sì pọ̀, torí náà kó má fi ọ̀sẹ̀ kan béèrè lọ́wọ́ wa lórí ẹ̀rọ. Kó sì rántí pé pípe ẹjọ́ nìkan kì í dá ìjìyà dúró, ó gbọ́dọ̀ bẹ̀bẹ̀ fún ìyẹn lọ́tọ̀. Màmá Fèyí, kí ni wọ́n kọ gan-an sínú lẹ́tà?

Màmá Fèyí, Kubwa

Ó ti fi ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní kò fi okùn kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ní apá ìkẹyìn eré. Òun ní irọ́ ni, pé ohun tí wọ́n fi dí ẹṣin létí lòun ń fà yọ, pé òfin sì gba ìyẹn láyè. Ó fẹ́ pe ẹjọ́. Inú ń bí i, ó ní torí pé òun jẹ́ àlejò ni. Mo ti fi fídíò eré náà ránṣẹ́ sí Bàbá Ìbejì níkọ̀kọ̀.

Bàbá Ìbejì, Milton, Ontario

Mo ti wò ó, mo tún un wò, mo sì pe ọmọkùnrin náà. Òtítọ́ ló sọ nípa etí ẹṣin. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀: wọ́n máa ń dí ẹṣin létí kí ariwo má baà dà á láàmú, bó bá wá kù díẹ̀ kí eré parí, dírẹ́bà á fa okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, etí á ṣí, ẹṣin á gbọ́ ariwo, á ta kìjí. Kó o tú ọwọ́ kan sílẹ̀ láti ṣe ìyẹn kò burú.

Àmọ́ ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Ó kó okùn méjèèjì sí ọwọ́ òsì, ó fà á, etí ṣí. Ó yẹ kí okùn ọ̀tún padà sí ọwọ́ ọ̀tún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò padà. Ẹgba ló fi ọwọ́ ọ̀tún náà gbé, ó sì na ẹṣin náà láti ibẹ̀ títí wọ́n fi kọjá ìlà, apá rẹ̀ sì ga. Wọn ò jẹ ẹ́ níyà nítorí etí. Èmi ò rí ẹjọ́ kankan níbẹ̀ tí ènìyàn lè gbé lọ síwájú ìgbìmọ̀, fídíò yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé jáde. Ní ti pé ó jẹ́ àlejò, àwọn ìdájọ́ yìí wà lórí ìkànnì AGCO fún gbogbo ayé. Kó lọ kà wọ́n, yóò rí orúkọ àwọn àgbà dírẹ́bà tí baba wọn àti baba baba wọn ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Mo ti sọ fún un, ó dákẹ́, ó ní òun á rò ó.

Mo wá ní kó ṣe ohun kan ní àwọn ọjọ́ tó fi jókòó. Kó so okùn méjì mọ́ ilẹ̀kùn, kó jókòó sórí àpótí, kó na ẹsẹ̀ síwájú. Kó ká bébà kan, kó fún un mọ́ abíyá ọ̀tún. Kó mú okùn kan ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, kó di ẹgba mọ́ okùn ọ̀tún, kí orí rẹ̀ kọjú síwájú, kó wá máa fi ọrùn ọwọ́ jù ú. Bí bébà bá jábọ́, èjìká ti dá sí i nìyẹn. Kó tún máa fi ọwọ́ ọ̀tún fa nǹkan kan lókè, kó sì máa mú okùn rẹ̀ padà kó tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Kó ṣe é títí ọwọ́ á fi máa padà sí okùn láìjẹ́ pé ó ronú sí i, torí pé lórí pápá, kò sí àyè ìrònú.

Alhaji Tudun Wada, Kàdúná

To. Bébà lábẹ́ abíyá yẹn dára. Màá fún àwọn ọmọ ibí yìí ṣe.

Màmá Fèyí, Kubwa

Ẹ ṣeun, Olúwa á máa ràn yín lọ́wọ́. Ó ti gbà, kò ní pe ẹjọ́ mọ́. Màmá ti jẹ àmàlà lánàá. Ìbéèrè kan ló kù: ọ̀gá tó ń bá ṣiṣẹ́ ní kó ṣì máa wá tọ́jú ẹṣin ní àwọn ọjọ́ wọ̀nyí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sì ní kó sọdá sí Amẹ́ríkà lọ wa eré méjì kí owó má baà gbẹ.

Bàbá Ìbejì, Milton, Ontario

Ti Amẹ́ríkà, kó má gbìyànjú rẹ̀. Àwọn pápá ibẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún ìdádúró tí wọ́n bá ṣe níbí, bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́, ọ̀ràn ọjọ́ díẹ̀ á di ti oṣù. Ti ilé ẹṣin, kó wo lẹ́tà dáadáa: bó bá jẹ́ wíwa eré nìkan ni wọ́n dá dúró, ó lè máa tọ́jú ẹṣin, bó bá jẹ́ gbogbo láísẹ́ǹsì ni, kó má fẹsẹ̀ kan ọgbà wọn. Bí kò bá yé e, kó kọ̀wé sí ọ́fíìsì àwọn adájọ́, kó sì tọ́jú èsì tí wọ́n bá fún un. Kó má gba ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá kọ́ ni wọ́n máa pè. Bó bá sì kún fọ́ọ̀mù láísẹ́ǹsì lọ́dún tó ń bọ̀ tí wọ́n béèrè bóyá wọ́n ti fìyà jẹ ẹ́ rí, kó kọ bẹ́ẹ̀ ni, kó kọ ọjọ́ rẹ̀.